Kí Ni Ọmọ Alímòṣọ́ Yóò Fi Èdè Ítálì Ṣe?

Bí ọmọ kan ní Ìkòtún tàbí ní Ìgándò bá wọlé lọ́jọ́ kan, tí ó sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé èdè àti àṣà àwọn ará Ítálì ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu bàbá: kí ni yóò fi ṣe? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè rárá. Òbí tí ó ń jí kí àkùkọ tó kọ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, tí ó sì ń fi èrè ọjà san owó ilé-ìwé, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí owó náà ń lọ rà. Ìyá lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ni yóò máa bà á. Ó ti gbọ́ nípa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn lọ sí ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì di ẹrú fún ẹni tí ó mú wọn lọ. Àbúrò ọmọ náà ní tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Victor Osimhen àti ife-ẹ̀yẹ tí ó bá Napoli gbà ní ọdún 2023. Ìṣẹ́ tí ènìyàn ń sá fún, ìfòyà àti bọ́ọ̀lù: ohun tí orúkọ Ítálì ń gbé wá sí ọkàn àwọn ará ilé kan náà nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe àlàyé yìí fún. Kì í ṣe láti pàṣẹ fún bàbá pé kí ó gbà, tàbí fún ọmọ pé kí ó lọ, bí kò ṣe kí àwọn méjèèjì lè mọ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Èdè Ítálì kò kúkú ṣe àjèjì pátápátá ní Alímòṣọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bá ní ẹgbẹ́ akọrin ní Ẹ̀gbẹ́dá ń pe sópúránò àti áltò. Ọ̀rọ̀ Ítálì ni wọ́n. Bí olórí akọrin bá ní kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e sókè, àmì tí ó wà nínú ìwé orin tí ó dì mọ́wọ́ fún un, èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ọ́. Sùpàgẹ́tì tí ọmọ ilé-ìwé ń sè ní alẹ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti Ítálì. Àwọn àgbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ní Èkó ṣáájú ọdún 2003 kò sì lè gbàgbé ajá dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, èyí tí ó wà lójú pátákó ilé-epo Agip. Àmì ilé-iṣẹ́ epo Ítálì ni, kí Unipetrol tó ra Agip tí ń ta epo ní Nàìjíríà ní ọdún 2002, tí orúkọ rẹ̀ sì di Oando ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Kódà iná mànàmáná tí ó wá láti Kainji kò ṣẹ̀yìn wọn: àwọn kọngílá Ítálì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ìdídò náà láàárín ọdún 1964 sí 1968. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ sùpàgẹ́tì kò tíì kọ́ èdè.

Bí a bá wá dé orí èdè gan-an, àǹfààní àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ní wà nínú ẹnu rẹ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje yìí náà ni èdè Ítálì ń lò nínú sílébù tí wọ́n bá tẹ ohùn mọ́. Àwa ń fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ kí òǹkàwé má baà ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì kì í fi ohunkóhun sí i nínú ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí “pesca” nínú ìwé, bí ó bá pè é bí ẹni pé ẹ wa ni ó wà níbẹ̀, èso kan ni. Bí ó bá pè é pẹ̀lú e, iṣẹ́ ẹja pípa ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “botte”: pẹ̀lú o, àgbá ọtí ni, pẹ̀lú ọ, lílù ni, irú èyí tí ọmọ aláìgbọràn ń jẹ. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó sí kíláàsì fún oṣù púpọ̀ kí etí rẹ̀ tó mú ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ Ìdímù yóò gbọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní, nítorí pé láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe okó. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ Ítálì sì ń parí sí fáwẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bí tiwa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò ní ṣe é ní àjèjì. Ní Ítálì, ènìyàn kì í sọ “tu”, èyí tí í ṣe ìwọ, sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, sí olùkọ́ rẹ̀, tàbí sí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. “Lei” ni wọ́n ń lò fún irú wọn. Ní ìhà gúúsù, ní agbègbè Naples, àwọn kan ṣì ń lo “voi”, èyí tí í ṣe ẹ̀yin, fún ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, bí Yorùbá ṣe ń sọ “ẹ” sí bàbá kan. Ní ọdún 1938, ìjọba Mussolini pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú fi “Lei” sílẹ̀ kí wọ́n máa lo “voi”. Nígbà tí ìjọba náà ṣubú, “Lei” padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ìjọba lè fi òfin pààrọ̀ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀, kí ó rántí ìtàn yìí.

Ìṣòro wà o, ó sì pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Bí ará Ítálì bá fẹ́ sọ pé òun àti àwọn mìíràn ń lọ, “vado, vai, va, andiamo, andate, vanno” ni, mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ ohun tí ó ti kọjá tàbí ohun tí ó ń bọ̀. Yorùbá ń fi “ó” kan ṣoṣo pe ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì, akọ ni oòrùn, abo ni òṣùpá, abo sì ni ọwọ́ bí ó tilẹ̀ parí bí akọ. Kò sí ẹ̀tàn tí ènìyàn lè fi mọ gbogbo rẹ̀ ju pé kí ó kọ́ ọ sórí. Kọ́ńsónáǹtì tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún wà: “capello” ni irun orí, “cappello” ni fìlà, “nono” ni ìkẹsàn-án, “nonno” ni bàbá àgbà. Bí ohùn ṣe ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìtẹ̀mọ́ yìí ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ “ciao” kò sì sí nínú Yorùbá; òun ni ó mú kí “church” àwọn Gẹ̀ẹ́sì di ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣọ́ra yóò máa kí ènìyàn ní “ṣáò” títí yóò fi gboyè.

Ẹni tí ó bá lọ kọ́ èdè yìí ní yunifásítì kò ní pẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe gírámà nìkan ni wọn yóò kọ́ ọ. Ohun tí ó gba ọkàn àwọn onímọ̀ Ítálì jù lọ láti ìgbà pípẹ́ ni bí àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ẹ̀ka-èdè púpọ̀ ṣe di ẹni tí ó ní èdè kan. Dante Alighieri, tí wọ́n bí ní ìlú Florence ní ọdún 1265, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bàbá èdè náà. Ìlú rẹ̀ lé e jáde ní ọdún 1302, kò sì padà síbẹ̀ títí ó fi kú ní Ravenna ní ọdún 1321. Nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn ni ó kọ ìwé kan tí ó fi gbèjà èdè tí àwọn ará ilé ń sọ, tí ó sì yẹ àwọn ẹ̀ka-èdè ilẹ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ọ̀kan tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èdè Látìn ni ó fi kọ ìwé ìgbèjà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń sọ pé kí Yorùbá má kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dante fẹ́ kọ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ nípa ọ̀run àpáàdì àti ọ̀run rere, èdè Florence ni ó lò.

Láti ìgbà náà ni èdè ìlú kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di èdè ìwé fún gbogbo ilẹ̀. Ní ọdún 1583, àwọn ọ̀mọ̀wé Florence dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crusca, ìwé atúmọ̀-èdè wọn sì jáde ní ọdún 1612. Alessandro Manzoni, ọmọ ìlú Milan, tẹ ìtàn-àròsọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Nígbà tí ó rí i pé èdè rẹ̀ kò rí bí òun ṣe fẹ́, ó lọ gbọ́ bí àwọn ará Florence ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Ẹ̀dà tuntun náà jáde láàárín ọdún 1840 sí 1842. Síbẹ̀, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ náà di ìjọba kan ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1861, onímọ̀ èdè Tullio De Mauro ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 25 nínú 1,000 péré ni ó lè sọ èdè Ítálì. Ìyókù ń sọ èdè ìlú bàbá wọn.

Ta ni ó wá kọ́ wọn? Ilé-ìwé ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ ológun ṣe tirẹ̀, ìrìn àjò láti abúlé sí ìlú ńlá ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè gbàgbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní oṣù kìíní ọdún 1954. Láti ọdún 1960 títí di 1968 ni olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Alberto Manzi ń dúró níwájú kámẹ́rà, tí ó ń ya àwòrán sójú pátákó, tí ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ní a, b, d. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá àgbà máa ń péjọ síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo láti gbọ́ ọ. Orúkọ ètò náà túmọ̀ sí pé kò pẹ́ jù rí. Ibadan náà ti ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV tirẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 1959, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ó ti kan Alímòṣọ́ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé Ògúnfúnmiíníre, ọdẹ láti Ilé-Ifẹ̀, gbé àwo lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀ lé e lọ, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rì. “Àwo ti rì” ni wọ́n sọ pé ó di Àwórì. Ìṣẹ́rì Olófin sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ títí di òní. Ìkà ènìyàn ọdún 2006 tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe rí ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìgbò, Haúsá àti Ègùn ń bá ara wọn gbé ní ọgbà kan náà. Yorùbá tí àwọn ọmọ wọn ń bá ara wọn sọ ní ojú títì kì í ṣe Àwórì, kì í sì í ṣe Èkìtì. Yorùbá Èkó ni. Yorùbá tí wọ́n sì ń kọ́ ní kíláàsì jẹ́ èyí tí ó ti ọwọ́ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, èyí tí ó gbára lé èdè Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì ṣe ìpàdé lórí akọtọ́ rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rí bí Florence ṣe borí àwọn yòókù yóò fi ojú mìíràn wo bàbá àgbà tí ń sọ Àwórì ní Ìgándò. Ní Ítálì, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀ka-èdè kú sínú ìtìjú. Eduardo De Filippo kọ eré orí ìtàgé rẹ̀ ní èdè Naples, gbogbo Ítálì sì wò ó. Ní ọdún 1999, wọ́n ṣe òfin kan tí ó dáàbò bo èdè àwọn ẹ̀yà méjìlá tí wọn kò pọ̀. Bí a ṣe ń gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀, bí a ṣe ń ya àwòrán-ilẹ̀ tí ó fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yí padà di òmíràn, ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé lò ní Ìṣẹ́rì láìyí ohunkóhun padà.

Ibo wá ni ọmọ náà yóò ti kọ́ ọ? Ní yunifásítì Nàìjíríà, Faransé ni ó gbilẹ̀ jù nínú àwọn èdè Yúróòpù lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Faransé ni àwọn aládùúgbò wa ń sọ. Ìbàdàn ń kọ́ni ní Jámánì àti Rọ́ṣíà pẹ̀lú rẹ̀, Ifẹ̀ ní Pọtogí. Oyè nínú èdè Ítálì kò wọ́pọ̀. Ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu fún ọmọ Alímòṣọ́ ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó wà. Ojú ọ̀nà tí ó gba Ìgándò kọjá láti Ìṣẹ́rì ni ó lọ tààrà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, èyí tí ìjọba Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Bí ó bá kọ́ Faransé níbẹ̀, tí ó sì lo àkókò tirẹ̀ ní Abúlé Èdè Faransé ní Àjàrá, Badagry, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ọmọ ìyá kan náà ni Faransé àti Ítálì. Látìn ni ó bí àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ti mọ ọ̀kan ti gbà ìdajì ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ítálì fúnra rẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ ìlú Perugia. Ibẹ̀ ni yunifásítì kan wà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn àjèjì, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921. Òmíràn bí irú rẹ̀ wà ní Siena. Ìdánwò èdè tí wọ́n ń ṣe ní ìpele mẹ́fà ni, láti A1 títí dé C2, B2 ni ilé-ẹ̀kọ́ sì sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba oyè ní èdè Ítálì. Wọ́n ń béèrè pé kí ènìyàn ti lo ọdún méjìlá ní ilé-ìwé kí ó tó dé yunifásítì. Orí ẹ̀rọ ayélujára ìjọba wọn tí ń jẹ́ Universitaly ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń wáyé, aṣojú ìjọba Ítálì nìkan ni ó sì lè fúnni ní físà. Bí ó bá dé ọ̀hún, ọjọ́ mẹ́jọ tí ìjọba fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ní láti béèrè ìwé-àṣẹ ìgbé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wọn ń tẹ̀ lé bí owó tí ń wọlé fún ìdílé ṣe tó, àwọn ẹkùn sì ń fúnni ní ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ nítorí àìní. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń ta á fún wọn ní owó gọbọi.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: alágbàṣe kan kò lè fúnni ní ààyè ní yunifásítì Ítálì. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni yóò fèsì fúnra rẹ̀, ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ọmọ má ṣe ìyọnu èdè, pé òun yóò bá a san owó ọkọ̀ òfuurufú kí ó máa fi iṣẹ́ san án padà, òun gan-an ni ìyá bẹ̀rù. Nítorí irú wọn ni Nàìjíríà fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003. Akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ lè ṣiṣẹ́ wákàtí ogún ní ọ̀sẹ̀. Ìyẹn tó fún oúnjẹ, kò tó láti fi san gbèsè ẹlòmíràn.

Ìdánwò wọn yóò ya ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Máàkì 30 ni ó ga jù, 18 ni ẹni tí ó yege kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Bí máàkì tí wọ́n fún un kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́ kí ó sì padà wá nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá gba oyè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń pè ní “dottore”. Kí ọmọ náà má ṣe kọ lẹ́tà sílé pé òun ti di dókítà, nítorí pé àwọn aládùúgbò yóò gbé àìsàn wọn wá.

Ní ti iṣẹ́, kò sí ẹni tí ó lè fi òtítọ́ inú sọ pé ilé-iṣẹ́ ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ èdè Ítálì ní Èkó. Àwọn kan ń ṣe ògbufọ̀ fún oníṣòwò tí ń ra ẹ̀rọ àti awọ lọ́hùn-ún. Ní Ítálì gan-an, ilé-ìwòsàn, ilé-ìwé àti ilé-ẹjọ́ ń gba àwọn alárinà tí ó gbọ́ èdè àti àṣà àwọn àjèjì, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró níwájú adájọ́ láìgbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ó sàn kí ènìyàn so èdè náà pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: òfin, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, iṣẹ́ ìròyìn, tàbí ìtàn.

Ìtàn ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn wó Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè, àwọn oníṣòwò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá nítorí epo pupa. Ọ̀kan nínú wọn ni Giambattista Scala, tí ó ti agbègbè Genoa wá. Ó gbé Èkó ní ayé Ọba Dòsùnmú, ó di aṣojú ìjọba Sardinia níbẹ̀, ó sì dé Abẹ́òkúta láti ṣòwò. Ayé ìgbà náà kún fún ọ̀rọ̀: Ẹfúnróyè Tinúbú ti kúrò ní Èkó ní ọdún 1856 lọ sí Abẹ́òkúta, Ìwé Ìròyìn Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1859. Ní ọdún 1861 kan náà tí Sardinia di ìjọba Ítálì ní oṣù kẹta, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ kan di ọ̀kan, ìlú kan bọ́ sábẹ́ àjèjì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1862, ìwé ìrántí Scala jáde ní Sampierdarena, lẹ́bàá Genoa, ní èdè Ítálì.

Ìwé náà wà níbẹ̀. Ọmọ Èkó kò kà á, ọmọ Abẹ́òkúta kò kà á, àfi ẹni tí ó bá gbọ́ èdè náà. Robert Smith, òpìtàn tí ó kọ́ni ní àwọn yunifásítì wa, kọ̀wé nípa Scala ní ọdún 1973. Ọdún 2000 ni ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Brenda Packman túmọ̀, tí Smith sì ṣe àlàyé sí, tó jáde. Láti 1862 sí 2000, ọdún 138 ni. Iye ọdún tí ẹ̀rí ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí Èkó ṣáájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wà láìsí ẹni tí ó lè ṣí i ní ilẹ̀ tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe pé kí a gba gbogbo ohun tí Scala sọ gbọ́. Oníṣòwò ni, ó ní èrè tirẹ̀ àti ọ̀tá tirẹ̀, kò sì sí àjèjì tí ń ròyìn ilé ẹlòmíràn tí kì í fi ojú ilé tirẹ̀ wò ó. Ìyẹn gan-an ni ó fi yẹ kí ọmọ ilé kà á ní èdè tí ó fi kọ ọ́. Atúmọ̀, bí ó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó, ti yan ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta. Orúkọ Yorùbá tí etí Ítálì gbọ́ kò ní gb nínú, kò ní àmì lábẹ́, kò ní ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ni ó lè sọ pé baálẹ̀ báyìí ni ó ń sọ, tàbí ọjà báyìí.

Scala kọ́ ni ó kẹ́yìn. Àlùfáà Francesco Borghero, ọmọ Ítálì, dé Ouidah ní ọdún 1861, ó sì wá sí Èkó ní ọdún 1863. Ṣáájú wọn ní igba ọdún, àwọn àlùfáà Capuchin láti Ítálì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìtsẹkírì ní Warri. Àwọn tí ó rán irú wọn níṣẹ́ ní Róòmù, iléeṣẹ́ tí póòpù dá sílẹ̀ ní ọdún 1622, pa lẹ́tà mọ́ láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní èdè Ítálì. Ìwé àfọwọ́kọ ni wọ́n, yíǹkì ti ń ṣá, òǹkọ̀wé a sì máa gé ọ̀rọ̀ kúrú láti dín bébà kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kà wọ́n yóò nílò B2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò nílò ọdún kan tàbí méjì láti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìgbà náà, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé.